Kumasi Tòun Tọmọ àti Ìyá Àgbà: Yàrá Wo Ni Ká Gbà, Oúnjẹ Wo Ni Ká San?

Bí ìsinmi iléèwé bá ti ń sún mọ́lé, ẹ̀yin òbí mọ ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ á ní, ibo là ń lọ lọ́dún yìí? Ẹni tówó rẹ̀ tó lè kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Orlando ní Amẹ́ríkà, níbi tí Disney kọ́ ọgbà ìṣeré, ilé ìtura àti ilé oúnjẹ pọ̀ sójú kan, téèyàn lè san owó yàrá pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ kó tó kúrò nílé. Ẹni tówó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tó sì fẹ́ káwọn ọmọ rí ìlú tí kì í ṣe tiwọn, ìtòsí ni kó wò. Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà kò jìnnà. Kò sí ọgbà Disney níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ààfin ọba wà níbẹ̀, ọgbà ẹranko wà níbẹ̀, adágún odò tí òkúta ojú ọ̀run gbẹ́ sílẹ̀ sì wà nítòsí rẹ̀. Ìbéèrè tẹ́ni tó ń lọ sí Orlando ń bi ara rẹ̀ náà lẹ máa bi ara yín: níbo la ó sùn, ta ni yóò sì máa fún wa lóúnjẹ?

Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè yìí. Ibi tẹ́ ẹ bá sùn ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa rí, oúnjẹ tẹ́ ẹ bá sì ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ló máa sọ àwọn tẹ́ ẹ máa bá jókòó. Owó tó yẹ kẹ́ ẹ fi rìn ká ìlú lè tán sórí yàrá. Àwọn ọmọ sì lè lo ọjọ́ mẹ́rin ní Kumasi kó jẹ́ pé ìrẹsì àti adìyẹ díndín tí wọ́n ń jẹ nílé náà ni wọ́n jẹ bọ̀.

Ìlú tọ́pọ̀ àwọn òbí wa ti gbé rí

Fún ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá, ọ̀rọ̀ Kumasi kọjá ìgbafẹ́ lásán. Ẹ dé Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ìgbẹ́tì, Ṣakí tàbí Ìníṣà, ẹ ó bá àgbàlagbà tó jẹ́ pé Gánà ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí wọn lọ sọ́hùn-ún láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta wọ́ṣọwọ̀ṣọ, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ 14, tàbí kó kúrò nílùú. Báyìí ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣe fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀, tí wọ́n kó ọmọ wálé tí ọmọ náà kò dé rí. Àwa náà lé àwọn ará Gánà lọ́dún 1983, ibẹ̀ ni báàgì tí à ń pè ní Ghana Must Go ti gba orúkọ. Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ti parí ìjà náà, ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti di ìyá àgbà báyìí.

Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé yín, ẹ mú un dání. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrìn àjò kan ṣoṣo tó máa fi tún ojúlé tí wọ́n bí i sí rí nìyẹn. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ń yan yàrá, ẹ má yan tàwọn ọmọ nìkan. Orúnkún ìyá náà ní ohùn tó fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ

Omi là á kọ́kọ́ tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn. Kẹ́ ẹ tó béèrè owó yàrá, ẹ wo ibi táwọn nǹkan wà. Púpọ̀ nínú ohun tọ́mọdé fẹ́ rí ní Kumasi wà láàárín ìgboro, nítòsí ọjà ńlá Kejetia. Ọgbà ẹranko wà níbẹ̀, àwọn àdán tó so rọ̀ sórí igi ibẹ̀ lójú ọ̀sán kò sì ṣeé kà. Wọn kò sí nínú àgò, fúnra wọn ni wọ́n wá. Ilé Àṣà Orílẹ̀-èdè Gánà kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi, tí wọ́n ń hunṣọ, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Prempeh Kejì sì wà. Nínú ọgbà ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye lẹ ó ti rí idà tí wọ́n ní Òkómfò Anokye, bàbá awo tó bá Osei Tutu dá ìjọba Àṣáńtì sílẹ̀, gún mọ́lẹ̀, tẹ́nì kan kò sì lè fà á yọ.

Odi òkúta táwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1896 wà láàárín ìgboro náà. Ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun báyìí. Lọ́dún 1900, nígbà tí Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, kó àwọn jagunjagun jọ nítorí pé gómìnà òyìnbó ní kí wọ́n gbé Àpótí Wúrà wá kóun jókòó lé e, inú odi yìí ni wọ́n sé àwọn òyìnbó mọ́. Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé àwọn ọmọ ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti Èkó wà lára àwọn tó wá gba òyìnbó sílẹ̀. Ìtàn wa àti tiwọn ti lọ́ mọ́ra tipẹ́.

Ààfin Manhyia náà wà nígboro. Lẹ́yìn tí wọ́n mú Ọba Prempeh Kìíní lọ́dún 1896, tí wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Seychelles, ọdún 1924 ló tó padà wálé. Ilé tí wọ́n kọ́ fún un lọ́dún 1925 ló di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1995. Lọ́dún 2024, àwọn ohun ọ̀ṣọ́ wúrà tí wọ́n kó lọ nígbà ogun padà débẹ̀: méje láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fowler ní Los Angeles, wọ́n dá wọn padà pátápátá, 32 láti British Museum àti Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìyẹn yá wọn ni wọ́n yá wọn. Ọmọ yín á béèrè ìdí tẹ́ni tó ni nǹkan fi ń yá nǹkan rẹ̀. Ẹ wá ìdáhùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀.

Fún eré, Rattray Park wà ní àdúgbò Nhyiaeso. Wọ́n ṣí i lọ́dún 2015. Wọ́n kọ́ omi tó ń jó sí orin síbẹ̀, ibi ìṣeré àwọn ọmọdé sì wà níbẹ̀. Ní ẹ̀yìn ìlú, Bonwire tí wọ́n ti ń hun kente tó nǹkan bí 20 kìlómítà, adágún odò Bosomtwe sì tó nǹkan bí 30.

Ẹ rí i báyìí pé ọjọ́ púpọ̀ ni ẹ ó lò nígboro, ọjọ́ kan tàbí méjì ni ẹ ó lò lẹ́yìn ìlú. Ìyẹn ló yẹ kó pinnu ibi tẹ́ ẹ ó sùn.

Ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń gbà ta yàrá

Ọ̀nà kìíní ni yàrá nìkan. Ẹ sùn, ẹ wẹ̀, oúnjẹ yín wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà kejì ni yàrá pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀. Ọ̀nà kẹta ni yàrá pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ àti talẹ́. Ọ̀nà kẹrin ni yàrá pẹ̀lú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Àwọn ilé kan tún wà tó ní ilé ìdáná tiwọn, tẹ́ ẹ lè gbà lódindi, kẹ́ ẹ máa dáná fúnra yín. Ahodwo àti Nhyiaeso, tó jẹ́ àdúgbò tó rọlẹ̀, dára láti wá irú ilé bẹ́ẹ̀. Adum tó wà láàárín ọjà sún mọ́ gbogbo nǹkan, ariwo rẹ̀ sì sún mọ́ etí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń jìn sí kòtò ni oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n ní ó wà nínú owó yàrá. Lọ́pọ̀ ilé ìtura, ẹni méjì péré ni oúnjẹ náà wà fún nínú yàrá kan. Bẹ́ ẹ bá kó ọmọ méjì mọ́ra, ẹ ó san tiwọn lọ́tọ̀, ojoojúmọ́. Ẹ béèrè lẹ́nu kan: “Ẹni mélòó ni oúnjẹ yìí wà fún? Ọmọ ọdún mélòó lẹ ń kà sí àgbàlagbà?” Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í tó ẹ̀rí lọ́jọ́ ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá àgbà. Wọ́n fẹ́ sun ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn iye tí a máa lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye ọjà. Iye tí wọ́n bá dá yín lóhùn ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ilé ìtura ń gba 120 sídì lórí oúnjẹ alẹ́ ẹnì kan. Ẹni mẹ́fà á san 720 sídì lálẹ́ kan, 2,880 sídì fún alẹ́ mẹ́rin. Ká ní oúnjẹ búkà tó mọ́ tónítóní níta jẹ́ 40 sídì. Ẹni mẹ́fà á san 240 lálẹ́ kan, 960 fún alẹ́ mẹ́rin. Èrè tó wà níbẹ̀ jẹ́ 1,920 sídì.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Bí búkà náà bá jìnnà, ẹni mẹ́fà kò lè wọ takisí kan. Ọkọ̀ méjì ni. Ká ní ọkọ̀ kan jẹ́ 50 sídì ní àlọ, 50 ní àbọ̀, ọkọ̀ méjì jẹ́ 200 sídì lálẹ́ kan, 800 fún alẹ́ mẹ́rin. Èrè yín ti já sí 1,120. Ó ṣì jẹ́ owó, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti gòkè ọkọ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lórí oúnjẹ alẹ́ nìkan, ọmọ tó kéré jù sì ti sùn lọ lórí àga búkà. Bí ilé tẹ́ ẹ gbà bá wà níbi tẹ́ ẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn débi oúnjẹ, èrè náà pé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnì méjì lọ ra oúnjẹ wá nínú abọ́, kí gbogbo ilé jẹ ẹ́ nílé.

Oúnjẹ àárọ̀ ní tiẹ̀ yàtọ̀. Àárọ̀ ni ọmọdé máa ń gbin jù, àárọ̀ ni àgbàlagbà máa ń fi oúnjẹ lo oògùn. Bó bá ti wà nílé tẹ́ ẹ sùn sí, tí owó rẹ̀ kò pọ̀ jù, ẹ gbà á. Ẹ ó tètè jáde, oòrùn kò tíì mú.

Oúnjẹ tí wọn kò gbọ́dọ̀ má tọ́ wò

Ọ̀pọ̀ oúnjẹ Kumasi jẹ́ ìbátan tiwa, orúkọ ló yàtọ̀. Wọ́n ní fùfú, ṣùgbọ́n kì í ṣe fùfú tiwa. Pákí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n ń sè, tí wọ́n sì ń gún bí iyán. Kò kan rárá. Inú ọbẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e sí, ẹ kò ní jẹ ẹ́ lẹ́nu, gbígbé mì ni. Ọbẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ abenkwan, tí wọ́n fi omi ẹyìn sè, tàbí nkatenkwan, ọbẹ̀ ẹ̀pà. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà, ẹ tètè sọ fún alásè. Waakye ni ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pẹ̀lú ewé ọkà bàbà, ewé náà ló ń mú un pọ́n. Kontomire ni ewé kókò, wọ́n ń fi í jẹ iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè. Kelewele ni dòdò tí wọ́n fi ata àti atalẹ̀ pa lára. Ní àárọ̀, ẹ ó rí àwọn ìyá tó ń ta koko àti koose. Ẹ bu u fọ́mọ kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan. Fúnra rẹ̀ ló máa pariwo pé, “Ògì àti àkàrà nìyí!”

Nítorí èyí la ṣe sọ pé kẹ́ ẹ má san oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta sílẹ̀ nígboro Kumasi. Ẹni tó bá ti sanwó á fẹ́ jẹ owó rẹ̀. Ọ̀sán á pọ́n tán, ẹ ó wà ní Manhyia, ẹ ó sì máa sáré padà sílé ìtura nítorí oúnjẹ tẹ́ ẹ ti san. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sán wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Oúnjẹ tó gbóná ni kẹ́ ẹ jẹ, omi tí wọ́n dì tàbí tinú ìgò ni kẹ́ ẹ mu, ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ fi gbà á. Ata ọbẹ̀ olómi wọn le. Kẹ́ ẹ tó bu tọmọ, ẹ tọ́ ọ wò.

Bosomtwe: ibi tí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta ti dára

Ohun tí a sọ nípa ìgboro yí padà létí odò. Bosomtwe fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́jọ. Òkúta kan tó já láti ojú ọ̀run ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn ló gbẹ́ ihò rẹ̀, òkè ló sì yí i ká bí etí abọ́. Ìtàn àwọn Àṣáńtì ní tiwọn ni pé ọdẹ kan ló lé ẹtu débẹ̀, ẹtu náà kó sómi, ó pòórá. Orúkọ odò náà sì túmọ̀ sí òrìṣà ẹtu. Láti ìṣẹ̀dálẹ̀, èèwọ̀ ni kí irin kan omi náà, orí pákó igi gbọọrọ làwọn apẹja máa ń dùbúlẹ̀ sí, wọ́n á máa fi ọwọ́ tukọ̀. Lọ́dún 2016, UNESCO fi àyíká rẹ̀ sára àwọn ibi àbójútó ohun alààyè lágbàáyé.

Àwọn ilé ìtura wà létí odò náà, ṣùgbọ́n abúlé ni abúlé ń jẹ́. Búkà kò tò lọ bí ti ìgboro, takisí kò sì pọ̀ lálẹ́. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti san oúnjẹ pọ̀ mọ́ yàrá, kẹ́ ẹ sì sọ iye ènìyàn àti àkókò tẹ́ ẹ máa dé kí wọ́n lè se é sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ariwo lẹ fẹ́, ẹ má lọ lọ́jọ́ ìsinmi, nítorí ìgbà yẹn làwọn ará Kumasi náà máa ń ya lọ síbẹ̀. Odò náà jìn gan-an láàárín. Ọmọ tí kò mọ omi wẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú yín.

Yàrá tí ìyá àgbà máa sùn

Ẹ béèrè yàrá ìsàlẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwẹ̀ wà nínú yàrá, bóyá omi gbígbóná ń yọ, bóyá jẹnẹrétọ̀ wà bí iná bá lọ. Bí ìyá bá ń lo oògùn tó ń fẹ́ tútù, fíríìjì di dandan. Yàrá méjì tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn sàn ju yàrá ńlá kan lọ fún ẹni mẹ́fà: ìyá àgbà àti ọmọ obìnrin lè wà níhìn-ín, àwọn yòókù lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ní àwọ̀n ẹ̀fọn, ó dáa. Bí wọn kò bá ní, ẹ gbé tiyín lọ.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú. Ní gbogbo ọjọ́ 42 ni Akwasidae máa ń bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, táwọn ìjòyè máa ń wá kí Asantehene ní Manhyia pẹ̀lú ìlù, agboòrùn ńlá àti wúrà. Ọmọ tó bá rí i kò ní gbàgbé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a, ẹ tètè gba yàrá, àlejò á pọ̀.

Kẹ́ ẹ sì yọ àárọ̀ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Zongo, àdúgbò táwọn àlejò ilẹ̀ Gánà ti ń gbé láti ayébáyé. Ẹ má fi nǹkan mìíràn sí àárọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà máa ṣíwájú, kó máa tọ́ka. Ilé náà lè ti di ilé ẹlòmíràn, ó sì lè má sí mọ́. Ẹ kí onílé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi wá, kí ẹnikẹ́ni má lọ ya fọ́tò kí wọ́n tó gbà. Bẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ ra ọṣẹ dúdú. Alata samina ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Alata ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tó wá láti ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọṣẹ àwọn àlejò sì ni wọ́n ń dárúkọ títí dòní.

Ohun tí a máa gbà yín nímọ̀ràn

Nínú ọjọ́ mẹ́rin, ẹ sun mẹ́ta nígboro, kan létí odò. Nígboro, ẹ gba yàrá pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀, ní ibi tẹ́ ẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn ra oúnjẹ alẹ́. Létí odò, ẹ san oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ọmọ ọwọ́ bá wà, tàbí tí dókítà bá ti ṣòfin oúnjẹ fún ẹnì kan, ilé tó ní ilé ìdáná ni kẹ́ ẹ gbà.

Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà fún 90 ọjọ́ ní Gánà, ṣùgbọ́n kí páásípọ́ọ̀tù ẹnì kọ̀ọ̀kan àti káàdì yẹ́lò abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wà lọ́wọ́, tọmọdé tàgbà. Ẹni tó bá gba ojú títì á kọjá Sẹ̀mẹ̀, á kọjá Hilla Condji, á kọjá Aflao kó tó dé Accra, ó sì ku nǹkan bí 250 kìlómítà sí Kumasi. Ìyẹn pọ̀ fún orúnkún àgbà lọ́jọ́ kan. Bí owó ọkọ̀ òfurufú fún gbogbo ilé kò bá sí, ẹ wò ó bóyá ti ìyá nìkan àti ẹnì kan tó máa tẹ̀ lé e á ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sun alẹ́ kan ní Accra.

Ilé ìtura tó ní odò ìwẹ̀ dára, àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò ìwẹ̀ wà n'Íbàdàn, ó wà n'Ílọrin. Ìyá àgbà tó lè tọ́ka sí ojúlé kan ní Kumasi kó ní, “Ibí ni bàbá mi ti ń tajà,” kò sí nínú owó yàrá kankan, kò sì ní dúró dè yín títí. Ẹ tètè béèrè iye yàrá.